Ìbéèrè Òǹkàwé: Ẹsẹ̀ Pickup Tó Ti Rìn Jìnnà

Òjò ti bá ọ̀nà jẹ́ débi pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló gba iwájú nínú àwọn lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lẹ́nu àìpẹ́ yìí. A mú mẹ́rin nínú wọn, tó jẹ́ pé pickup tó ti gbó ni gbogbo wọn dá lé, tí ẹni tó ni ín sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára ju bó ṣe wà lọ. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníṣòwò gàrí ni mí ní agbègbè Ìṣẹ́yìn. Hilux ọdún 2006 ni mo fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko wá sí ibi tí a ti ń rin ín, ìrìn rẹ̀ sì ti lé ní 380,000 kìlómítà. Ìdí rẹ̀ ti rọlẹ̀, bí a bá sì di ẹrù sí i lálẹ́, iná iwájú rẹ̀ á máa tàn sójú àwọn tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Mẹkáníìkì mi ní òun yóò fi ewé méjì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tò léra, kún sípíríǹgì ẹ̀yìn, òun yóò sì bá mi ra ṣọ́ọ̀kì tó le, pé bí òun bá ṣe é tán, ọkọ̀ náà yóò máa gbé ìlọ́po méjì ẹrù tó ń gbé báyìí. Ṣé kí n fún un lówó?

Ìdáhùn: Màmá wa, ẹ kú òwò, ẹ sì kú ìnáwó ọkọ̀. Ẹ má tíì fún un lówó. Ewé tí wọ́n bá fi kún sípíríǹgì lè gbé ìdí ọkọ̀ yín kúrò nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọkọ̀ náà di ọkọ̀ mìíràn. Ìwọ̀n ẹrù tí pickup lè gbé kò sí lọ́wọ́ sípíríǹgì nìkan. Ṣáàsì ní ìwọ̀n tirẹ̀, axle ẹ̀yìn (irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) ní tirẹ̀, béárìnì, táyà àti búréèkì náà ní tiwọn, èyí tí agbára rẹ̀ bá sì kéré jù nínú wọn ni òdiwọ̀n gbogbo ọkọ̀. Bí sípíríǹgì bá le tí àwọn yòókù kò sì yí padà, ẹ kò kàn ní í rí i mọ́ pé ẹrù ti pọ̀ jù ni, nítorí pé ìdí ọkọ̀ kò ní í rọlẹ̀ kó kìlọ̀ fún yín. Irú Hilux yín, bó bá jẹ́ onílẹ̀kùn mẹ́rin, ẹrù rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pé tọ́ọ̀nù kan, dírẹ́bà àti àwọn tó jókòó tì í sì wà nínú ìṣirò náà. Ogún àpò sìmẹ́ńtì oní-50 kílò ló pé tọ́ọ̀nù kan. Ẹ gbé àpò ẹ̀gẹ́ tútù kan sórí ìwọ̀n, kí ẹ wá fi ṣírò iye tí ẹ ń dì lọ́jọ́ ọjà. Mo fura pé ibẹ̀ ni ìdí ọkọ̀ yín ti kọ́kọ́ rọ.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rà á bí ẹni pé òun ló ń gbé ẹrù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sípíríǹgì ló ń gbé e. Nígbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò, sípíríǹgì á súnkì, á sì fẹ́ máa fò sókè sódò láìdúró; iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti fi epo inú rẹ̀, tí wọ́n ń fi agbára tì gba ojú ihò tóóró kọjá, pa ìfò náà. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè ra ṣọ́ọ̀kì tó wọ́n jù lọ ní gbogbo Ìbàdàn kí ìdí ọkọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà lánàá.

Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ tèmi, mi ò ní í ra ohunkóhun títí wọn yóò fi yẹ abẹ́ rẹ̀ wò dáadáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú láìsí ẹrù nínú rẹ̀, kí wọ́n fi tépù wọ̀n ọ́n láti àárín ríìmù ẹ̀yìn dé etí bọ́dì tó wà lókè rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi bí íǹṣì kan rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, ó ṣeé ṣe kí ewé kan ti dá níbẹ̀. Abẹ́ àwọn U-bolt, bóòtù tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U tó dì í mọ́ axle, ló sábà máa ń dá sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò bóòtù àárín, níbi tí ẹrẹ̀ ti bò ó tí ojú kò sì tó o, nítorí náà kí wọ́n tú U-bolt kí wọ́n tó sọ fún yín pé ewé pé. Kí wọ́n wo rọ́bà bọ́ọ̀ṣì tó wà lójú sípíríǹgì níwájú àti lẹ́yìn. Lára ọkọ̀ tó ti rin irú ìrìn yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọ́n ti jẹ tán, tí irin sì ń gbo irin. Kí wọ́n tún wo rọ́bà dúdú tó wà lábẹ́ ṣáàsì lókè axle. Bí ìyẹn bá ti fọ́ dànù, axle ni yóò máa lu ṣáàsì nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá kó sí gálọ́ọ̀pù pẹ̀lú ẹrù, ó sì lè jẹ́ ìró tí ẹ ti ń gbọ́ láti ìgbà pípẹ́ tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀kì fún yín nìyẹn.

Ká ní ewé kankan kò dá, ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn ti nà tí wọn kò tẹ̀ kọdọrọ mọ́, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èyí tó dára jù ni odindi sípíríǹgì tuntun méjì, lọ́tùn-ún àti lósì, tí wọ́n ṣe fún Hilux ìran yín. Àwọn tó ń ṣe é fún iṣẹ́ agbára, bí ARB ilẹ̀ Ọsirélíà tó ni Old Man Emu, máa ń ṣe é ní ìpele ìpele gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ ń gbé nígbà gbogbo. Ẹrù tí ẹ ń gbé lójoojúmọ́ ni kí ẹ fi yan tiyín, kì í ṣe èyí tí ẹ ń gbé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Sípíríǹgì tó le jù lára ọkọ̀ tó ṣófo kì í jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn fẹsẹ̀ múlẹ̀. Á máa tọ kúrò nílẹ̀ ni, bó bá sì jẹ́ ọjọ́ òjò ní kọ́nà, ìdí ọkọ̀ lè yí lọ sínú igbó.

Ọ̀nà kejì ni ti mẹkáníìkì yín, mi ò sì ní í bu ẹnu àtẹ́ lù ú bó bá ṣe é dáadáa: ewé kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe méjì, kó sì fẹ̀ kó sì nípọn bí àwọn tó bá níbẹ̀. Lórí nínípọn yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Bí ewé kan bá fi ìlọ́po méjì nípọn ju òmíràn lọ, ìlọ́po mẹ́jọ ni yóò fi le jù ú lọ. Ewé oní-mílímítà 8 tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, tí wọ́n wá kì bọ àárín àwọn ewé oní-mílímítà 6, le ju méjì nínú wọn lápapọ̀ lọ. Òun ni gbogbo ìyà ọ̀nà yóò máa jẹ, òun ni yóò sì kọ́kọ́ dá, kì í sì í dá lọ́gbà mẹkáníìkì.

Ọ̀nà kẹta ni ti alágbẹ̀dẹ tó ń fi iná tẹ sípíríǹgì padà. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ mọ̀ pé irin sípíríǹgì tí a bá fi sínú iná títí ó fi pọ́n, tí a kò rì í bọ epo, tí a kò sì tún rọra yá a níná lẹ́ẹ̀kan sí i, ti di irin lásán. Yóò dúró ga fún ìgbà díẹ̀, yóò sì tún rọ. Bí owó kò bá tó fún ọ̀nà méjì àkọ́kọ́, kí ó fi òòlù tẹ̀ ẹ́ ní tútù, láìfi iná sí i rárá, kí ẹ sì mọ̀ pé iṣẹ́ fún sáà díẹ̀ ni.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, nǹkan méjì wà tí mo fẹ́ kí ẹ dúró tì wọ́n lórí rẹ̀, tàbí kí ẹ rán ẹni tí ojú rẹ̀ là lọ dúró. U-bolt tuntun ni kí wọ́n lò, nítorí pé àwọn àtijọ́ ti nà, kí wọ́n sì tún wọn fún lẹ́yìn nǹkan bí 500 kìlómítà. Àwọn bóòtù tó gba inú rọ́bà ojú sípíríǹgì kọjá, kí wọ́n má fún wọn pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì. Kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ná kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá fún un nígbà tí axle ń rọ̀ dirodiro, rọ́bà náà yóò ti lọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò níbẹ̀, yóò sì tètè ya.

Èkejì ni ti búréèkì, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ìdáhùn yìí. Lára ọ̀pọ̀ Hilux ìran yẹn tí kò ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà gan bí a bá tẹ búréèkì), ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó lọ láti axle ẹ̀yìn sí ibi fáàfù búréèkì kan lábẹ́ ṣáàsì. Fáàfù náà ló ń fi gíga ìdí ọkọ̀ mọ̀ bóyá ẹrù wà nínú rẹ̀. Bí ìdí bá rọlẹ̀, á jẹ́ kí búréèkì ẹ̀yìn mú gidigidi. Bó bá ga, á dín in kù kí táyà ẹ̀yìn má baà gan kó sì máa yọ̀. Bí wọ́n bá wá fi sípíríǹgì gbé ìdí ọkọ̀ yín sókè láìfọwọ́ kan ọ̀pá yìí, fáàfù yóò gbà pé ọkọ̀ ṣófo, yóò sì máa dín búréèkì ẹ̀yìn kù nígbà tí ẹ̀gẹ́ kún inú rẹ̀ bámúbámú. Wọ́n ní láti tún un tò sí gíga tuntun náà. Mo ti rí ọ̀pá yìí tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣáàsì nítorí pé kò gùn dé ibi tó yẹ mọ́, lára ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín ń sọ pé òun ti pààrọ̀ páàdì lẹ́ẹ̀mejì tí búréèkì kò sì mú.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín láti Maryland ní Amẹ́ríkà. Ní 2012 ni mo fi Toyota Tacoma ọdún 2004 kan, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà, ránṣẹ́ sí àbúrò mi tó ń ṣe oko kòkó nítòsí Iléṣà. Ìrìn rẹ̀ ti lé ní 230,000 máìlì báyìí. Àbúrò mi ní abẹ́ rẹ̀ ń ha òkúta lọ́nà oko, iwájú rẹ̀ sì ń dún kó-kó-kó bó bá kọjá lórí bọ́ǹpù. Mo rí ohun kan tí wọ́n ń pè ní spacer, irin róbótó tí wọ́n ń dì sórí sípíríǹgì iwájú, tó máa gbé ọkọ̀ náà ga ní íǹṣì mẹ́ta, kò sì wọ́n. Mo fẹ́ kì í sínú ẹrù tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kò gbàgbé ilé. Dídún kó-kó-kó yẹn ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú, kì í ṣe gíga ọkọ̀. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, bí wọ́n ṣe to ball joint ìsàlẹ̀ iwájú, oríkèé tó so táyà mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ni pé ìwúwo ọkọ̀ á máa ti orí róbótó inú rẹ̀ wọlé sínú ihò rẹ̀. Lára Tacoma ìran tiyín, ìwúwo náà ń fà á jáde ni. Nígbà tó bá jẹ dé ibi kan, orí náà á fò yọ, táyà á ṣẹ́ sábẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ á sì jókòó sórí irin. Ní 2005, Toyota pe ọ̀pọ̀ Tacoma, Tundra, Sequoia àti 4Runner tí wọ́n ṣe láàárín 2001 sí 2004 padà ní Amẹ́ríkà nítorí ball joint yìí gan-an. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pààrọ̀ ti ọkọ̀ yín nígbà náà, ó ti pẹ́ jù láti fọkàn tán an. Ẹ ní kí àbúrò yín gbé iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀ lónìí, kí ẹnì kan di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kó máa mì ín, kí ẹlòmíràn gbé ọwọ́ lé ball joint. Bí ó bá yẹ̀ lọ́wọ́, kó má ṣe wà á lọ sí oko mọ́ títí ẹ ó fi fi tuntun ránṣẹ́. Lórí èyí nìkan ni màá ti sọ fún yín láìfi sábẹ́ ahọ́n sọ pé ojúlówó Toyota ni kí ẹ rà, pẹ̀lú bóòtù tuntun. Ẹ fi ohun tó rọjú sílẹ̀ fún ibòmíràn.

Ohun kejì ni ṣáàsì. Ọkọ̀ tó lo ọdún mẹ́jọ ní Maryland ti jẹ iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín, irú Tacoma wọ̀nyí sì lórúkọ nínú ṣáàsì tó ń jẹrà láti inú. Ní 2016, Toyota gbà láti yanjú ẹjọ́ tó dá lórí ṣáàsì Tacoma ọdún 2005 sí 2010, Tundra ọdún 2007 àti 2008, àti Sequoia ọdún 2005 sí 2008, tí iye owó rẹ̀ lè tó 3.4 bílíọ̀nù dọ́là. Tiyín dàgbà ju àwọn wọ̀nyẹn lọ, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn kan náà sì ń ṣe é. Kí wọ́n fi òòlù kékeré lu ṣáàsì láti ìdí ẹ̀rọ dé ẹ̀yìn, pàápàá nítòsí ibi tí ojú iwájú sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn. Irin tó yè máa ń dún gooro. Èyí tó ti jẹrà á dún bòkìbòkì, sikurudiráífà á sì wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá dì sípíríǹgì tuntun mọ́ ṣáàsì tó ti jẹrà kò tíì tún ọkọ̀ ṣe.

Bí ṣáàsì bá dá yín lójú, a lè wá sọ̀rọ̀ gíga. Ẹ kọ́kọ́ bi àbúrò yín léèrè kí ló ń ha òkúta gan-an. Bó bá jẹ́ ikùn axle ẹ̀yìn ni, kò sí sípíríǹgì tàbí spacer kankan tó lè gbé e ga, nítorí pé orí táyà ni axle náà dúró sí, ara ọkọ̀ nìkan ni sípíríǹgì ń gbé. Táyà tó ga ni yóò ràn án lọ́wọ́, ìdajì ohun tí ẹ bá sì fi kún gíga táyà láti ilẹ̀ dé òkè rẹ̀ ló máa hàn nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ abẹ́ ẹ̀rọ tàbí àárín ọkọ̀ ni, sípíríǹgì lè ṣe é.

Spacer oní-íǹṣì mẹ́ta kọ́ ni màá fi ṣe é. Kì í fi agbára kankan kún sípíríǹgì tó ti rẹ̀; ńṣe ló kàn ń ti ẹsẹ̀ iwájú sísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí táyà bá bọ́ sí kòtò, kò ní àyè tó fi máa sọ̀ mọ́, yóò kàn gbá gbì ni. Ọ̀pá tó ń fa táyà iwájú á tẹ̀ jù, rọ́bà tó bo oríkèé rẹ̀ á máa fi ara gbo ara rẹ̀ títí yóò fi ya, iyanrìn á sì wọ inú gírísì. Lókè íǹṣì méjì, alignment, ìyẹn bí táyà ṣe dúró àti bí ó ṣe kọjú síwájú, kì í sábà padà sí bó ṣe yẹ láìpààrọ̀ arm òkè, apá irin tó di táyà mú lókè, ìyẹn sì jẹ́ owó mìíràn. Íǹṣì kan àbọ̀ sí méjì tó fún ọ̀nà oko kòkó. Ẹ ra sípíríǹgì iwájú tuntun tó ga níwọ̀n bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu. Bilstein ti ilẹ̀ Jámánì ní irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní 5100 fún Tacoma ìran yìí, tí ẹ lè yan gíga lára rẹ̀, Old Man Emu náà sì ní tiwọn. Àyè ẹrù tó bá kù, ẹ fi tie rod end méjèèjì (oríkèé ọ̀pá tó ń yí táyà), rọ́bà lower arm (apá irin ìsàlẹ̀), àti rọ́bà tó di steering rack (ẹ̀rọ tí sítíárì fi ń yí táyà) mọ́ ṣáàsì sí i. Àwọn rọ́bà kéékèèké wọ̀nyí ni yóò jẹ́ kí àbúrò yín sọ pé ọkọ̀ náà ti di tuntun, ẹnikẹ́ni kò sì ní í rí wọn láti ìta.

Fún àwọn òǹkàwé tó ní Tacoma tòkunbọ̀ ọdún 2005 sí 2011: ní 2014, Toyota pe nǹkan bí 690,000 nínú wọn padà ní Amẹ́ríkà nítorí ewé sípíríǹgì ẹ̀yìn tó lè dá, tó sì lè yọ lọ gún táǹkì epo. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NHTSA ní ibi tí ẹ ti lè tẹ nọ́ńbà oní-17 tó wà lára ọkọ̀ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, láti mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣe é kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ìbéèrè: Dírẹ́bà ni mí ní Ìbàdàn, Hilux ọdún 2008 ti ọ̀gá mi ni mò ń wà. Ọ̀gá ní kí n lọ wo iye ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin lọ́jà. Tòkunbọ̀ wà, tuntun náà wà, owó wọn sì jìnnà síra gan-an. Èwo ni kí n ní kí ọ̀gá rà?

Ìdáhùn: Tuntun ni, ẹ fọkàn balẹ̀ sọ fún ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ṣì lè pẹ́ lára ọkọ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì jẹ́ ohun tí ìlò ń jẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dì í, ẹ kò sì lè mọ ọ̀nà tó ti rìn. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń kùn ún máa ń bo epo tó ti jò sára rẹ̀. Bí owó bá fi dandan mú tòkunbọ̀, ẹ gbé e dúró ṣánṣán, kí ẹ tì í wọlé títí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Èyí tó ní gáàsì gbọ́dọ̀ rọra jáde fúnra rẹ̀. Bó bá dúró síbi tí ẹ tì í dé, gáàsì rẹ̀ ti lọ. Bí ọwọ́ yín bá kàn ṣófo lójijì nígbà tí ẹ ń tì í tí ẹ sì ń fà á, afẹ́fẹ́ ti dàpọ̀ mọ́ epo inú rẹ̀, tàbí kí fáàfù rẹ̀ ti jẹ.

Tuntun pàápàá, ayédèrú KYB, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì, pọ̀ níta ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀ bóyá ó bá ti orí páálí mu, kí ẹ sì ra èyí tí ẹni tó tà á lè kọ ìwé ẹ̀rí rírà fún. Méjì méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, iwájú méjèèjì pọ̀ tàbí ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Bó bá jẹ́ irú èyí tí kò ní gáàsì, tó sì ti pẹ́ ní ìdùbúlẹ̀ nínú páálí, kí mẹkáníìkì gbé e dúró kó tì í kó sì fà á ní ìgbà mélòó kan kó tó dì í, kí afẹ́fẹ́ tó há sínú epo lè kúrò.

Àti pé kí ẹ tó náwó rárá, ẹ wo ti àtijọ́ dáadáa. Títẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, bí wọ́n ti ń ṣe sí ọkọ̀ kékeré, kì í fi ohun púpọ̀ hàn lára pickup tí sípíríǹgì rẹ̀ le. Epo tó rin ara ṣọ́ọ̀kì gbìndìn ni ẹ ó wò, àti táyà: bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ yí i ká, tó ń ga tó ń rẹlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín láti ibì kan dé ibòmíràn, táyà náà ti ń fò lójú ọ̀nà, ṣọ́ọ̀kì kò sì dá a dúró mọ́.

Ìbéèrè: Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní Hilux ọdún 1999 kan. Mẹkáníìkì mi fi sípánà yí bóòtù méjì lábẹ́ rẹ̀, iwájú rẹ̀ sì ga sókè láìra ohunkóhun. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ó ti ń gbá gbì ní gbogbo kòtò, táyà iwájú tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sì ti ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹ kú ìsinmi. Lára irú Hilux yẹn, kò sí sípíríǹgì róbótó níwájú. Ọ̀pá irin gígùn méjì ló wà lábẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n dì mú ní ìpẹ̀kun kan, tí táyà sì ń lọ́ ìpẹ̀kun kejì nígbàkígbà tó bá gun òkè. Lílọ́ yẹn ló ń gbé ọkọ̀. Bóòtù tí mẹkáníìkì yín yí kàn ń yan ibi tí lílọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni; kò sọ ọ̀pá di alágbára. Iwájú ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n arm òkè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí rọ́bà tó yẹ kó dá a dúró ní ìpẹ̀kun, táyà kò sì ní ibi tó máa sọ̀ dé mọ́ bó bá kan kòtò. Gbígbá tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Táyà sì ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan nítorí pé bí gíga bá ti yí padà, bí táyà ṣe dúró àti bí ó ṣe kọjú síwájú náà ti yí padà, ẹnikẹ́ni kò sì tún un tò.

Ẹ jẹ́ kó dá bóòtù náà padà díẹ̀díẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì bákan náà, títí àyè gidi yóò fi wà láàárín arm òkè àti rọ́bà rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sílẹ̀. Kí ó gbé iwájú sórí jáàkì kí táyà rọ̀ sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan bóòtù wọ̀nyí, nítorí pé agbára púpọ̀ ló wà lára wọn. Lẹ́yìn náà ni alignment, lórí ẹ̀rọ. Okùn tí àwọn kan ń ta láti táyà ẹ̀yìn sí iwájú lè sọ bóyá táyà méjèèjì kọjú síra wọn tàbí wọ́n ya ẹ̀yìn síra. Kò lè sọ bóyá wọ́n dàgẹ̀rẹ̀ sínú tàbí síta, ibẹ̀ sì ni tiyín lè wà. Bí ẹ bá máa pààrọ̀ táyà tó ti jẹ, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ DOT lára tuntun tí wọ́n bá gbé fún yín: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019, táyà tó sì ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìsọ̀ kì í ṣe tuntun mọ́, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

Nígbà tí alignment bá parí, ẹ wọ̀n gíga iwájú lọ́tùn-ún àti lósì kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì tún un wọ̀n lẹ́yìn nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Bí ó bá ti rẹlẹ̀ ju bí ẹ ti fi í sílẹ̀ lọ láìsí ẹni tó fọwọ́ kan bóòtù, ọ̀pá náà ló ti rẹ̀. Ẹ wá méjèèjì pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí mẹkáníìkì sì ka àmì tó wà ní orí wọn kó tó dì wọ́n, nítorí pé èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀tún kì í lọ sí òsì.